Ẹ Bi Wọ́n Pé Mélòó Ló Wọlé, Mélòó Ló Jáde

Láti ìgbà tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Houston títí di oṣù kẹfà tí oòrùn á máa yọ́ ọ̀dà lójú títì, fóònù mi kì í sinmi. Àsìkò yẹn làwọn èèyàn ń wá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kiri, àsìkò yẹn náà ni wọ́n máa ń rántí pé Tíṣà ń bẹ. Tíṣà ni wọ́n ṣì ń pè mí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó kó ẹrù wá sí Amẹ́ríkà. Níbí, nọ́ọ̀sì ni mí, ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́, èsì tí wọ́n fún mi ni pé, "Ìwọ ọkùnrin?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé èló ni wọ́n ń san fún wọn.

Ìbéèrè kan náà làwọn tó ń pè mí máa ń bi mí: "Tíṣà, ilé ẹ̀kọ́ wo ni kí n lọ?" Kí n tó lanu, wọ́n á ti mú nọ́ńbà méjì jáde, iye àwọn tó yege nínú ìdánwò láísẹ́ǹsì àti iye owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹnì kan á ní òun ti rí ibi tí ìdá 97 nínú 100 ti yege, pé kò sí owó tó pọ̀ jù fún irú ibẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ìdánwò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń ṣe, láísẹ́ǹsì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà, nítorí náà ibi tó bá dínwó jù ni kéèyàn forí lé. Mo ti wà níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Alief, níbí ní Houston, tí àríyànjiyàn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí wọ́n gbàgbé ọmọ tuntun. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló ń fo nọ́ńbà tó ṣe kókó jù dá. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mélòó ló bá wọn jáde? Ẹni tí kò bá mọ èyí, kò tíì mọ ohun tí ìdá 97 yẹn ń sọ, kò sì tíì mọ iye tí ẹ̀kọ́ náà máa ná an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìdánwò náà ṣe rí. NCLEX-RN lorúkọ rẹ̀, RN yẹn sì ni registered nurse. Ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí èèyàn bá jáde, á san 200 dọ́là fún ìdánwò, á lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kò sì ní ju wákàtí márùn-ún lọ. Kì í ṣe bíi ti WAEC tí gbogbo kíláàsì ń dáhùn ìbéèrè kan náà. Bí ẹ bá gba ìbéèrè kan, kọ̀ǹpútà á gbé èyí tó le jù ú lọ síwájú yín. Bí ẹ bá ṣì í, á rọ̀ ọ́ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe títí á fi dá a lójú pé ẹ kún ojú òṣùwọ̀n tàbí ẹ kò kún un. Ó lè dúró ní ìbéèrè 85, ó sì lè wọ́ yín dé 150. Mo mọ ìyá kan tí kọ̀ǹpútà dúró fún ní 85, tó sunkún láti ibẹ̀ délé pé ayé òun ti bàjẹ́. Ó yege. Ẹni tí kò bá sì yege á dúró fún ọjọ́ 45 kó tó lè tún un ṣe.

Ohun kan wà tí mo gbóríyìn fún àwọn ará ibí lé lórí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn àjọ yìí sì máa ń kọ ọ́ síta, ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, iye àwọn tó ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kíní àti iye tó yege nínú wọn. Ti Texas, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Austin, ń ka ọdún tirẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá dé ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá dé ìdá 80 nínú 100 á kọ ìwé ṣàlàyé ara rẹ̀. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún kejì, ìkìlọ̀ ló kàn. Bó bá dọdún kẹta, wọ́n lè ní kó má gba ọmọ tuntun mọ́. California fi ààlà tirẹ̀ sí 75. Florida ń fi ti gbogbo orílẹ̀-èdè díwọ̀n, ilé ẹ̀kọ́ kò sì gbọdọ̀ fi ju ìdá 10 lọ rẹlẹ̀ sí i fún ọdún méjì léra wọn. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè kà á nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹni tó bá sì máa kà á, kó fi ọdún sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní 2022, nínú gbogbo àwọn tó kàwé ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sì ṣe ìdánwò RN lẹ́ẹ̀kíní, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ló yege. Oṣù kẹrin ọdún 2023 ni wọ́n gbé ìdánwò oríṣi tuntun jáde, èyí tó ń gbé ìtàn aláìsàn kalẹ̀ tó sì ń bèèrè ohun tí nọ́ọ̀sì máa ṣe tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa di 2024, ìdá 91 ló ń yege káàkiri orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ tó ń fọ́nnu pé òun gba 90 ní 2024, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá dúró. Èyí tó gba 88 ní 2022 ló yẹ ká ṣí fìlà fún.

Ẹ tún wo iye èèyàn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá péré bá ṣe ìdánwò, tí ọ̀kan nínú wọn kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, ìdá 10 ti bọ́ nìyẹn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kékeré lè gba 100 lọ́dún yìí, kí wọ́n gba 78 lẹ́ẹ̀mí-ìn, láìsí pé olùkọ́ kankan yí padà. Ọdún márùn-ún ni mo máa ń ní kí wọ́n tò sílẹ̀. Bí nọ́ńbà bá fò láti 68 sí 97 láàárín ọdún kan, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba olùkọ́ gidi. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti rí ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà mìíràn yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ni wọn kì í kọ sára pátákó.

Arábìnrin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, ọlọ́mọ mẹ́ta. Ọ̀sán ló fi ń kàwé, òru ló fi ń ṣe iṣẹ́ CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, nílé àwọn arúgbó, níbi tó ti ń gbé wọn, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí wọn. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ló lọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó yege nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ọ, títí kan ti oògùn tó máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà sílé. Nígbà tó ku díẹ̀ kó jáde, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ kọ ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní HESI, kó sì gba 850 kí àwọn tó lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún NCLEX. Kò gba 850. Wọ́n ní kó san owó kíláàsì àtúnṣe, ó san án. Ó tún kọ ọ́, kò dé ibẹ̀. Wọ́n ní kó tún san. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí tí àkókò tí wọ́n fún un fi pé, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo fèèlì ni àbí mi ò fèèlì?"

Mi ò rí èsì kankan fún un, torí ìbéèrè yẹn le ju bó ṣe rò lọ. Ní ọdún yẹn gan-an, ilé ẹ̀kọ́ náà ń polówó kiri pé ìdá 96 nínú 100 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ló yege. Wọn ò purọ́. Arábìnrin yìí kò ṣe NCLEX, nítorí náà kò lè fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Nínú ìṣirò tí àjọ tó wà ní Austin ń kọ síta, kò sí níbẹ̀ rárá. Gbèsè rẹ̀ wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, gbogbo oṣù ló sì ń yọ owó láàkáǹtì rẹ̀.

Àwọn ọmọléèwé mi tẹ́lẹ̀ á rántí bí mo ṣe máa ń pariwo pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá wọlé, tí ogójì péré dé ibi ìdánwò, tí méjìdínlógójì yege, ìdá 95 nínú 100 ni wọ́n á kọ síta, òótọ́ sì ni. Méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún náà tún jẹ́ òótọ́. Ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù mọ èyí tó máa sọ fún yín nínú méjèèjì.

Mi ò ní kí ilé ẹ̀kọ́ má dán ọmọ wò kó tó jáde o. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ lórí wọ́ọ̀dù. Mi ò fẹ́ kí ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín oríṣi insulin méjì wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá rí àìlera akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní sáà kìíní, tó pè é jókòó, tó fi olùkọ́ tì í, iṣẹ́ gidi ló ṣe. Ẹ̀bi tí mo rí ni ti ilé ẹ̀kọ́ tó gba owó sáà gbogbo tán, tó wá ti ilẹ̀kùn lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, kí nọ́ńbà tirẹ̀ má bàa bàjẹ́. National League for Nursing, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ti sọ láti 2012 pé kò yẹ kí wọ́n máa fi ìdánwò kan ṣoṣo dá ọjọ́ iwájú akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Síbẹ̀, àṣà náà ṣì wà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó. Nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ lò o, ẹ má wá ilé ẹ̀kọ́ tó ni ín kiri. Ká ní ogún èèyàn wọ ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń gba 12,000 dọ́là, tí mẹ́wàá jáde. Ogún èèyàn mìíràn wọ èyí tó ń gba 20,000, méjìdínlógún jáde. Ogún tó kù lọ sí èyí tó ń gba 65,000, mọ́kàndínlógún jáde. Ẹ kó gbogbo owó tí wọ́n san jọ, kí ẹ pín in fún iye nọ́ọ̀sì tó jáde. Ti àkọ́kọ́, 24,000 dọ́là lórí nọ́ọ̀sì kan. Ti ìkejì, ó lé díẹ̀ ní 22,000. Ti ìkẹta, ó lé ní 68,000. Ibi tí wọ́n ní ó dínwó jù ti wọ́n ju ìkejì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìkẹta tó ń fi nọ́ńbà gíga yangàn, èèyàn kan péré ló fi ju ìkejì lọ nínú ogún, ó sì gba owó tó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Ọmọ tó gbọ́n á na ọwọ́ sókè pé ẹni tó bá kúrò lágbedeméjì kò ní san owó pé. Òótọ́ ni, jókòó. Ṣùgbọ́n kò ní rí ọdún tó lò gbà padà, kò sì ní rí owó ṣíìfù tó pa jẹ nítorí kíláàsì gbà padà. Àwọn kọ́ọ̀sì tó sì ti yege, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lè má gbà á. Ìyẹn wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti oníṣòwò. Ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì lè kógbá sílé: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọ̀kan nínú wọn, ITT Technical Institute, pa gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ dé lọ́jọ́ kan náà, ó sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ jí, wọn ò níbi tí wọ́n ń lọ mọ́.

Owó tí wọ́n kọ sára ìwé nìkan kọ́ ni ẹ máa san. Aṣọ kíláàsì wà níbẹ̀, àti ìwé tó wúwo ju ọmọ ọlọ́dún kan lọ, àyẹ̀wò ọlọ́pàá, àyẹ̀wò ìtọ̀ nítorí oògùn olóró, abẹ́rẹ́ àjẹsára, owó àwọn ìdánwò HESI yẹn fúnra wọn, owó ẹni tó máa bá yín tọ́jú ọmọ ní ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wà lọ́sibítù láti aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Ẹni tó bá ní green card lè béèrè ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pell Grant, tí kì í ṣe ẹ̀yáwó. Iye tó ga jù fún ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 jẹ́ 7,395 dọ́là. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi físà F-1 wọlé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, torí náà kí àwọn òbí tó wà nílé má jẹ́ kí aṣojú kankan tàn wọ́n pé ó máa rí i gbà.

Ibo wá ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n lọ? Ẹnu mi kì í yẹ̀: community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tí owó orí àwọn ará àdúgbò ń gbé ró. Níbí, a ní Houston Community College tí ẹ̀ka ìlera rẹ̀ wà láàárín Texas Medical Center gan-an, a ní San Jacinto ní Pasadena, a ní Lone Star lápá àríwá. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ládùúgbò kéré púpọ̀ sí ti aládàáni. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ ń ṣe NCLEX-RN kan náà pẹ̀lú ẹni tó lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, láísẹ́ǹsì kan náà ló sì ń gbà. Òótọ́ ni pé àwọn ọsibítù ńlá fẹ́ràn BSN, ìyẹn oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọsibítù yìí kan náà ló ń bá òṣìṣẹ́ wọn san owó tó máa fi kà á kún un. Òfin owó orí Amẹ́ríkà gbà kí agbanisíṣẹ́ san tó 5,250 dọ́là lọ́dún fún ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ láìyọ owó orí níbẹ̀. Bí èmi ṣe gba BSN tèmi nìyẹn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láàárín ṣíìfù sí ṣíìfù, owó ọsibítù ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mo ná.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé wíwọlé kò rọrùn. Ẹ gbọ́dọ̀ gba máàkì gidi nínú anatomy, physiology àti microbiology kí wọ́n tó wo fọ́ọ̀mù yín, àwọn tó sì ń bá yín du àyè náà pọ̀. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, ní 2023 nìkan, fọ́ọ̀mù tó lé ní 65,000 tó kún ojú òṣùwọ̀n ni àwọn yunifásítì tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì dá padà. Ohun tó fà á ni pé olùkọ́ kò tó, àyè ọsibítù tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ti kọ́ṣẹ́ kò sì tó. Olùkọ́ kò lè tó, torí nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ lórí wọ́ọ̀dù sábà máa ń gba owó ju ẹni tó ń kọ́ni lọ. Níbi tí àwọn èèyàn wa bá ti gba lẹ́tà "a kẹ́dùn" lẹ́ẹ̀kan péré, ìkánjú á wọ̀ wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ oníṣòwò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ á ní kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọdún kan tí wọ́n máa fi tún microbiology ṣe kó lè wá di A, ó dínwó ju gbèsè ọdún mẹ́wàá lọ. Díẹ̀ ló ń gbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń gbé fọ́tò aṣọ kíláàsì sórí Facebook.

Ìkánjú yìí kan náà ló mú kí àwọn kan dé ibi tó burú jù. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti fẹ̀sùn kan èèyàn 25 lórí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n pè ní Operation Nightingale. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ní gúúsù Florida ni ayédèrú ìwé ẹ̀rí tó lé ní 7,600 ti jáde, 10,000 sí 15,000 dọ́là ni wọ́n sì ń tà á. Kíláàsì kò sí, ọsibítù kò sí. Ohun tó yẹ kó ká gbogbo wa lára ni pé nǹkan bí 2,400 nínú àwọn tó ra ìwé náà lọ ṣe NCLEX, wọ́n sì yege. Púpọ̀ nínú wọn ti jẹ́ LVN (nọ́ọ̀sì tí ipò rẹ̀ wà lábẹ́ RN) tàbí CNA tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ ẹnu iṣẹ́, wọ́n sì fi orí ka ìwé. Àwọn ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba láísẹ́ǹsì padà lọ́wọ́ wọn, bí ẹjọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń rán àwọn tó ń wárí fún iye tó yege létí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹni tí kò wọ kíláàsì bá lè yege, ìdánwò yẹn kò lè dá jẹ́rìí fún ilé ẹ̀kọ́ kankan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ìbéèrè kan kún un: ọsibítù wo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ti ń kọ́ṣẹ́? Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní ọsibítù gidi tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ á dárúkọ rẹ̀ kíá. Èyí tó bá ní "a ní àwọn alájọṣepọ̀ káàkiri Houston", ẹ fara balẹ̀ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá sí wọ́ọ̀dù wa. Mo lè sọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti wá kí n tó wo káàdì ọrùn wọn, láti ara bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Kí àwọn tó wà nílé má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Ní Nàìjíríà, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ló ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́, òun náà ló sì ń sọ iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ọmọ tí wọ́n bá gbà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà index lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀, láìsí èyí, kò lè ṣe ìdánwò Ìgbìmọ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń gba ọmọ ju iye tí wọ́n fún wọn lọ. Òbí á san owó, ọmọ á wọ aṣọ funfun, á sì di ọjọ́ kan kí wọ́n tó mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́. Arábìnrin Ìbarà wa nìyẹn, ní aṣọ mìíràn. Ẹ béèrè index kí ẹ tó san owó ọdún kejì. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń sọ fún pé kí ọmọ yín wá kọ́ nọ́ọ̀sì fún oṣù mẹ́fà ní ọsibítù aládàáni, láìbéèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, ọ̀gísílíárì ni ọmọ yẹn máa jẹ́. Ìgbìmọ̀ kò mọ̀ ọ́n, Amẹ́ríkà kò sì ní mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti gba láísẹ́ǹsì RN nílé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ọdún méjì ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ohun tẹ́ ẹ nílò ni kí wọ́n yẹ ìwé yín wò, kí ẹ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì ṣe NCLEX. Mo mọ̀ pé òfin tí Ìgbìmọ̀ gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2024, pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun, bí ọ̀pọ̀ nínú, débi tí àwọn nọ́ọ̀sì fi tú síta ní Àbújá àti Èkó. Síbẹ̀, ọdún méjì tẹ́ ẹ fi ń gba owó oṣù sàn ju ọdún méjì tẹ́ ẹ fi ń san owó kíláàsì fún ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn àjọ tó wà ní Austin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ẹ kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó yege, lójú ewé kan náà. Kò ní ná yín ní nǹkan tó pọ̀, torí ACEN àti CCNE, àwọn tó ń fọwọ́ sí ojúlówó ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ti ń gba nọ́ńbà yìí lọ́wọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ wọn. Ìgbìmọ̀ tiwa nílé náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, kí òbí tó wà ní Ìkirè lè rí i lórí fóònù rẹ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ilé ẹ̀kọ́, ẹ kọ ìwé sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ẹ má bi wọ́n lẹ́nu, ẹ kọ ọ́, kí wọ́n lè fi ọwọ́ dá a lóhùn: nínú àwọn tó wọlé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mélòó ló jáde, mélòó ló jáde ní ìgbà tó yẹ, mélòó ni ìdánwò àṣejáde yín, irú HESI yẹn, dá dúró, ọsibítù wo ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, èló ni gbogbo rẹ̀ títí dé ọjọ́ láísẹ́ǹsì? Bí wọn ò bá fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí owó yín wà ní báǹkì.